Ẹ Má Tíì Yọ́ Kókó Wúrà Yẹn

Ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kí irú fídíò yìí má yọjú lórí fóònù mi: òyìnbó kan ń gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin rìn kiri inú igbó ní Ọsirélíà. Ẹ̀rọ ké, ó gbẹ́lẹ̀, ó fi omi ṣan nǹkan tó rí, kókó wúrà! Ẹ wá wo ohun táwọn èèyàn wa ń kọ sábẹ́ ẹ̀: "Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní in, kí la wá ń dúró dè?"

Lóòótọ́ ló ní in. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà, ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Sẹ̀gilọlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tiẹ̀ ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n àwọn fídíò yẹn kì í sọ iye tí kókó wúrà tó gan-an, wọn kì í sì í sọ ẹni tó ni ín. Nídìí nǹkan méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń rí àyè rẹ́ awakùsà kékeré jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iye. Lọ́dún 1869, John Deason àti Richard Oates rí kókó wúrà kan ní Moliagul, ní ìpínlẹ̀ Victoria lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà yẹn náà. Kò tiẹ̀ jìn sínú ilẹ̀ rárá. Wúrà inú ẹ̀ lé ní kílò 70. Welcome Stranger ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Dunolly, kò sí òṣùwọ̀n tó gbà á ní báǹkì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé e sórí irin alágbẹ̀dẹ, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Kókó wúrà tó tóbi jù lọ nínú èyí tó wà lákọsílẹ̀ rèé o, torí pé òṣùwọ̀n kéré! Àwòkọ rẹ̀ nìkan làwọn àlejò ń rí lónìí.

Nígbà tó di 1980, ní Victoria kan náà, ẹnì kan fi ẹ̀rọ rí òmíràn tó wọn kílò 27.2, tí wọ́n pè ní Hand of Faith. Wọn ò yọ́ eléyìí. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní Las Vegas, Golden Nugget, fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là rà á, wọ́n gbé e síta káwọn oníbàárà máa wò ó. Ká ní wọ́n yọ́ ọ ni, wúrà inú ẹ̀ ò lè pa iye yẹn lọ́jà ìgbà náà. Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n sanwó lé. Ẹni tó bá fẹ́ wúrà lásán, kó lọ ra ṣéènì. Ẹni tó ń kó kókó wúrà jọ ń wá èyí tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ, tí kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Tiyín lè má ju èékánná lọ, ẹ má retí Las Vegas. Síbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín ní gíráàmù. Ọ́ǹsì tí wọ́n fi ń ta wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe 28 àti díẹ̀ ti inú ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so kókó náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Iye tí síkéèlì bá kọ, òun ni ẹ máa fi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bí kókó gíráàmù 10 bá kọ 0.6, ẹ ti ní bíi 16.7 nìyẹn. Wúrà tí kò lábùlà jẹ́ 19.3, àmọ́ ti inú ilẹ̀ máa ń ní fàdákà nínú, ìyẹn ló ṣe ń rẹlẹ̀ sí i. Pyrite, òkúta tó ń dán bíi wúrà tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, bíi 5 péré ni. Owó tí ẹ ń rí lórí Google, ti wúrà tí kò lábùlà ni. Tí òkúta funfun bá lẹ̀ mọ́ tiyín, ẹ má fọ́ ọ kúrò. Àwọn olùkójọ kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Ó ku ẹni tó ni ín. Abala 44(3) ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 àti òfin ìwakùsà ti 2007 sọ ọ́ kedere pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀. Bó jẹ́ inú oko bàbá yín lẹ ti rí i, òkè ilẹ̀ ni ti bàbá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní abala kìíní òfin 2007 táwọn èèyàn kì í kà dé: ohun àlùmọ́ọ́nì náà á di ti ẹni tó bá wà á jáde lọ́nà tó bófin mu. "Lọ́nà tó bófin mu" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò níwèé, ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn nígbà tí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n èké wọ̀n fún un? Ẹni tó ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kíá ló sì máa fẹ́ yọ́ ọ, torí kókó wúrà ṣeé dá mọ̀, èyí tí wọ́n ti yọ́ ò lójú mọ́. Bí iye tí ìrísí ẹ̀ ì bá mú wá ṣe ń ṣègbé nìyẹn.

Ní Victoria náà, ìjọba ló ni wúrà inú ilẹ̀ o. Àmọ́ ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Miner's Right, owó pọ́ọ́kú ni, ọdún 10 ló ń lò. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, ohun tó bá sì rí di tiẹ̀. Tiwa ńkọ́? Oríṣi ìwé mẹ́fà ni òfin 2007 là kalẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo tó ní ṣọ́bìrì àti igbá. Kó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí kó gba ìwé ìwakùsà kékeré bíi ti oníléeṣẹ́.

Ẹlòmíì á ní, ṣé kí gbogbo èèyàn wá máa gbẹ́ kòtò kiri ni? Odò Ọ̀ṣun tí omi ẹ̀ ti pọ́n ńkọ́? Zamfara ńkọ́, níbi tí òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé ti pa ọmọdé tó lé ní 400 lọ́dún 2010? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ láìsí ìwé kankan lọ́wọ́ àwọn kékeré. Irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ìwé ti Victoria fàyè gbà fún gbígbẹ́lẹ̀, kò fàyè gba katapílà. Ẹni tó bá níwèé ṣeé bi léèrè, ìwé ẹ̀ sì ṣeé gbà.

Ìjọba náà mọ bí wọ́n ṣe ń rà á. Lọ́dún 2020, Báńkì Àpapọ̀ san mílíọ̀nù 268 náírà fún kílò 12.5 wúrà tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà kékeré lábẹ́ ètò PAGMI. Kí wọ́n wá gbé irú ẹ̀ sí Iléṣà, ní ṣọ́ọ̀bù tí ojú gbogbo èèyàn tó: òṣùwọ̀n tí wọ́n ti yẹ̀ wò, owó ọjọ́ náà lára ògiri, rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà, àti ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ kókó wúrà tí kò yẹ kó wọ iná.