Ẹ Yẹ Omi Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi tó mọ́ lójú ló ṣeé mu. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀yin awakọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tí ẹ fi Obajana, nítòsí Lọ́kọ́ja, ṣe ibùgbé láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Dangote ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ ní ọdún 2007.

Òkúta ẹfun ló sọ ìlú àwọn ọmọ ìyá wa ará Ọ̀wọ́rọ̀ yìí di olókìkí. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá a máa yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Bí a bá sì sè é, ẹfun a máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Onílé tó bá rí èyí lè sáré lọ ra ẹ̀rọ tí ń fọ omi ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reverse osmosis.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe? Bí a bá fi iyọ̀ ra ẹran tútù, omi inú ẹran a máa sun jáde lọ bá iyọ̀. Ìwà omi nìyẹn: bí awọ tín-ín-rín bá wà láàárín, ibi tí iyọ̀ gbé pọ̀ ni omi ń lọ. Ẹ̀rọ yìí ló yí ìrìn náà padà. Ó ń fi ipá ti omi gba inú awọ kan kọjá, tí èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀, ẹfun àti kòkòrò àrùn yóò fi kù sẹ́yìn. Nǹkan bí ọdún 1960 ni Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ṣe irú awọ náà ní California, tí iṣẹ́ yìí fi di ohun tó ṣeé ṣe. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun ló ń fi í sọ omi òkun di omi mímu.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ka ẹfun inú omi sí májèlé. Ẹfun yìí kan náà a sì máa dí awọ ẹ̀rọ, bí a kò bá kọ́kọ́ dín in kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé a máa da lítà omi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nù kí lítà 1 tó jáde. Bí a bá sì tọ́jú omi tó mọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń tètè pa ọmọ wa ni kòkòrò tí ń ti inú ìgbẹ́ wọ kànga, irú èyí tí ń fa àrùn onígbá méjì. Kí omi hó dáadáa lórí iná ti tó láti pa wọ́n. Ṣùgbọ́n iná kò lè mú òjé tàbí iyọ̀ tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ kúrò. Níbi tí àyẹ̀wò bá ti fi irú èyí hàn ni ẹ̀rọ ti wúlò.

Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dáwó jọ, kí wọ́n gbé omi kànga wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kí ìjọba náà sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rí ṣe, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún aráàlú ní èdè tó yé wọn. Ẹni tí kò mọ àrùn kò lè mọ oògùn.