Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹjọ́ yìí: “Ó ń tàn, ó ń kú. Kò kọjá lógò.” Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà á yọ sójú gíláàsì, gbogbo rẹ̀ á ṣú, fóònù á gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, orúkọ yẹn á tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí bátìrì á fi tán. Ẹni tó ni ín á tẹ pawá, á tún un tẹ̀, á fi gbá àtẹ́lẹwọ́. Bí kò bá gbọ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ẹ bá mi flash ẹ̀ jàre.”

Flash ni kí ẹnjiníà fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó da ètò tuntun lé èyí tó wà nínú rẹ̀ lórí. Iṣẹ́ gidi ni, ìgbà kan sì wà tí kò sí ohun mìíràn tó lè gba fóònù là. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò, nọ́ńbà àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ló ń bá a lọ. Bí ẹni tó ń ṣe é bá sì lo ètò tí kì í ṣe ti fóònù náà, èyí tó ń tàn tó ń kú tẹ́lẹ̀ lè má tàn mọ́ rárá. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi òwe yìí tu oníkánjú nínú, bí ẹni pé ká káwọ́ gbera ló ń wí. Ẹ tún un gbọ́. Nínú apá méjèèjì, mímú ni wọ́n ń mú nǹkan náà. Àgbà tó pa á kò ní ká fi ohun tó dàrú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án. Irú ọwọ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ kàn án, àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn, ló ń kọ́ wa.

Fóònù tó ń ṣe báyìí kò tíì kú. Tí a bá tan fóònù, àwọn ètò kéékèèké inú rẹ̀ ló ń jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan èyí tó ń gbé ojú fóònù jáde fún wa. Bí ọ̀kan bá ṣubú lójú ọ̀nà, fóònù á pa gbogbo rẹ̀ tì, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń gbé e ṣubú pọ̀. Ó lè jẹ́ pé bátìrì kú nígbà tó ń gba ètò tuntun sára, ká sì mọ bí iná ìjọba ṣe rí. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ kún débi pé kò ríbi kọ nǹkan sí mọ́, tàbí pé áàpù burúkú kan wọlé. Bọ́tìnì pawá lè há. Bátìrì lè ti rẹ̀, omi sì lè ti wọ̀ ọ́. Ohun mẹ́fà nìyẹn, àmì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fi hàn. Flash lè wo mẹ́ta àkọ́kọ́ sàn. Kò lè wo bátìrì sàn.

Mo wà nídìí tábìlì ẹnjiníà kan nígbà tí ìyá kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé tiwọn dé. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń retí àwòrán aṣọ, inú fóònù yẹn nìkan sì ni àwòrán gbogbo bátànì wọn wà. “Ọmọ mi, bá mi flash ẹ̀ kíá, mo fẹ́ padà sọ́jà.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná. Ṣé ẹ ní fọ́tò yẹn síbòmíràn?” Wọn ò ní. Ó bọ́ rọ́bà tí wọ́n fi bo fóònù náà. Nǹkan funfun kan ti gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pawá: ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó ti gbẹ, ó sì ti há bọ́tìnì náà mọ́nú. Bí a bá tẹ pawá mọ́lẹ̀ pẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù á kú, á tún tàn fúnra rẹ̀. Fóònù màmá rò pé ẹnì kan ń tẹ òun láìgbọ́wọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti spirit díẹ̀ gbo ibẹ̀ títí bọ́tìnì fi ta padà. Lógò yọ, ó kọjá, àwòrán ọmọ-ọmọ màmá hàn lójú fóònù. Ká ní wọ́n flash ẹ̀, gbogbo bátànì yẹn ì bá lọ, bọ́tìnì ì bá sì wà níbi tó há sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ẹ̀gbá. Ní ọdún 2020, àwòrán adágún omi kan tí wọ́n yà ní Montana, l'Amẹ́ríkà, ń lọ káàkiri ayé. Ó rẹwà púpọ̀. Ẹni tó bá fi ṣe ẹ̀yìn ojú fóònù lórí Samsung tàbí Google Pixel tó ń lo Android 10, fóònù rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kó máa kú. Láti 0 dé 255 ni fóònù ń ka ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ inú àwòrán náà mú kí ìṣirò yẹn kọjá 255, ètò náà sì ṣubú. Àwòrán kan péré! Ẹni tó bá pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ nítorí rẹ̀ ti dáná sun ilé nítorí eku. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024 ńkọ́, nígbà tí ètò ààbò CrowdStrike da kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 rú, tí bàálù ò lè gbéra? Ohun tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe ni pé kí wọ́n gba ọ̀nà Safe Mode wọlé, kí wọ́n yọ fáìlì kan, kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ bọ́ ìbora fóònù, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì. Ẹ ki síìmù bọ fóònù tọ́ọ̀ṣì, kí ìpè àti ọ̀rọ̀ báńkì má bàa dúró. Bí bátìrì bá wú, ẹ má ṣe chárjì rẹ̀ rárá, ó lè gbiná. Bí kò bá wú, ẹ fi chárjà gidi sí i fún bíi wákàtí kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè tan lógò kó má lè gbé ìyókù dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Recovery. Lórí ọ̀pọ̀ Android, pawá àti ibi tí a fi ń gbé ohùn sókè la jọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó yọ. Ẹ kà á dáadáa. “Wipe cache partition”, bó bá wà níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan fọ́tò yín. “Wipe data/factory reset”, tó sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀, yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Oníkánjú lè ṣi èyí tẹ̀ fún tọ̀hún.

Àwọn kan gbà pé ẹnjiníà tó mọṣẹ́ á hú ohun tó parẹ́ jáde. Ó ṣeé ṣe láyé ìjelòó. Láti ìgbà tí Android 10 ti dé ní 2019, dandan ni kí fóònù tuntun tó bá a jáde fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti ohun inú rẹ̀ pa, factory reset sì ń run kọ́kọ́rọ́ yẹn. Kò tán síbẹ̀: lẹ́yìn tó bá pa nǹkan rẹ́ tán, fóònù á bèèrè ímeèlì àti password Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí olè má bàa rí i lò. Ẹni tí wọ́n bá ṣí ímeèlì fún ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó ra fóònù, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Apá kejì òwe náà ló ṣẹ yẹn: a fagbára mú un, ó le koko.

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi oníbàárà ohun tó wà nínú fóònù kí ẹ tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí tiyín ń ṣiṣẹ́ lónìí, Google ń fún yín ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kó fọ́tò tó ṣe pàtàkì síbẹ̀. Kí ẹ sì kọ ímeèlì àti password náà sínú ìwé, kí ẹ gbé e síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí.