Wíwá Baba-Ńlá Tó Tẹ̀dó sí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lára Ìtàn Ìdílé Louis Hébert

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní agbègbè Quebec ní orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wíwá orírun ìdílé jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi tọkàntọkàn ṣe. Bí olùwádìí bá ti ń tọ ìran rẹ̀ sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá, orúkọ kan wà tí inú rẹ̀ yóò dùn bó bá bá a níbẹ̀. Orúkọ náà ni Louis Hébert, ẹni tí àwọn òpìtàn kà sí Faransé àkọ́kọ́ tó kó aya àti ọmọ wá sí ìlú Quebec láti dáko jẹun.

Kò sí àní-àní pé ohun ìwúrí ni kí ènìyàn mọ irú baba-ńlá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó gba àròjinlẹ̀. Kí ni ojúṣe ọmọ tó ń wá baba-ńlá tó jẹ́ atẹ̀dó lábẹ́ ìjọba amúnisìn? Ṣé ohun tó dùn ún gbọ́ nìkan ni yóò ṣà jọ, àbí gbogbo ohun tó bá bá lójú ọ̀nà? Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo ìtàn ìdílé Hébert, yóò hàn gbangba pé ẹni tó wá baba-ńlá, tí kò wá àwọn tó wà nínú ilé rẹ̀ àti àwọn tó ni ilẹ̀ tó tẹ̀dó sí, ìdajì baba-ńlá náà ló rí.

Ìgbésí Ayé Louis Hébert

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí Louis Hébert ní nǹkan bí 1575. Apoògùn ni baba rẹ̀, iṣẹ́ náà ni òun pẹ̀lú sì kọ́. Ní 1606, ó bá àwọn Faransé mìíràn wọkọ̀ ojú omi lọ sí Port-Royal ní Acadia, létí òkun ní ìlà-oòrùn Kánádà òde òní. Ó padà sílé ní 1607, ó tún lọ ní 1610. Ibẹ̀ ló wà títí di 1613 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Virginia fi wá ba ibùdó náà jẹ́. Nígbà tó di 1617, Samuel de Champlain, ẹni tó dá Quebec sílẹ̀ ní 1608, rọ̀ ọ́ pé kó kó ìdílé rẹ̀ wá síbẹ̀. Hébert ta ilé rẹ̀ ní Paris. Ó mú Marie Rollet aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, Anne, Guillemette àti Guillaume, ó dorí kọ èbúté Honfleur.

Honfleur yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò awọ ẹranko onírun ní Quebec ti ṣèlérí 600 livre fún un lọ́dún, ṣùgbọ́n wọ́n gé e sí ìdajì. Wọ́n tún ní kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun àti ará ilé òun yóò ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà, pé òun yóò máa tọ́jú aláìsàn láìgba owó, àti pé àwọn ni òun yóò máa ta irè oko òun fún. Ẹni tó ti ta ilé kò níbi tí yóò padà sí. Hébert fọwọ́ sí i.

Nígbà tó dé Quebec, ó gun orí òkè tó wà lókè odò Saint Lawrence, ó ṣán igbó, ó sì dáko. Kò rí ohun ìtúlẹ̀ tí ẹran ń fà lò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 1628 ni irú ohun ìtúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ya ilẹ̀ ní Quebec, lọ́wọ́ Guillaume Couillard, ọkọ Guillemette. Hébert kò sí láyé láti rí i. Ó ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ó sì kú ní oṣù Kìíní ọdún 1627.

Ìwé, Iná àti Ìrántí

Báwo ni ọmọ tó wà láyé lónìí ṣe ń mọ nǹkan wọ̀nyí? Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àwọn Òyìnbó ní ìwé. Lóòótọ́, láti 1539 ni òfin ọba Faransé ti pa á láṣẹ fún àwọn àlùfáà ìjọ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bá rì bọmi sílẹ̀. Àṣà náà bá wọn dé Quebec. Cyprien Tanguay, tó jẹ́ àlùfáà, gbé ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìran àwọn ìdílé Faransé ní Kánádà jáde ní 1871. Ní 1966 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Montréal sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kó àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àtijọ́ jọ, kí wọ́n lè so ọmọ pọ̀ mọ́ òbí láti ìran dé ìran.

Síbẹ̀, ìwé náà ní àléébù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1640, iná jó ilé ìjọsìn Quebec, àkọsílẹ̀ ìjọ sì jóná mọ́ ọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó wà láàyè léèrè: ta ló gbé ta níyàwó, ta ló bí ta, ta ló kú? Ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n tún kọ. Ní 1871, nígbà rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Paris, iná tún jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ ìjọ ìlú náà. Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti tọpa ará Paris ayé ọjọ́un.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwọn tó máa ń fojú tín-ín-rín ìtàn àtẹnudẹ́nu. Àkọsílẹ̀ tí àwọn ọmọ Quebec gbára lé láti mọ àwọn ìdílé tó kọ́kọ́ dé, ìrántí àwọn àgbà ló gbà á là. Ohun tó yẹ olùwádìí ni kó fi ìwé wo ẹnu, kó sì fi ẹnu wo ìwé.

Orúkọ Nìkan Kọ́ Ni Ẹ̀rí

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn rò pé ẹni tó bá ń jẹ́ Hébert ni ọmọ Louis Hébert. Kò rí bẹ́ẹ̀. Anne, àkọ́bí rẹ̀, kú ní 1619 níbi tó ti ń bímọ. Guillaume, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kú ní 1639. Joseph, ọmọ Guillaume, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Iroquois lójú ogun, ó sì kú sọ́dọ̀ wọn. Bí orúkọ Hébert ṣe parẹ́ nínú ìdílé náà nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ́ Hébert ní Quebec àti Acadia lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ àwọn Hébert mìíràn ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Síbẹ̀ ìran rẹ̀ kò run. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló gbà kọjá. Guillemette, tó fẹ́ Couillard ní 1621, bí ọmọ mẹ́wàá. Françoise, ọmọbìnrin Guillaume, fẹ́ Guillaume Fournier ní 1651, òun náà sì bímọ púpọ̀. Ẹni tó bá ń tọ orúkọ baba nìkan yóò sọ pé ìdílé Hébert ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló wà káàkiri tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Yorùbá mọ èyí dáadáa. Ọmọ obìnrin ilé kì í ṣe àjèjì ní ilé baba ìyá rẹ̀, wọn a sì máa fi oríkì ìdílé ìyá kí ọmọ.

Ọmọ Adúláwọ̀ Tó Wà Nílé Couillard

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ní 1629, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Kirke ṣáájú fún gba Quebec. Ọ̀pọ̀ Faransé padà sílé, ṣùgbọ́n ìdílé Hébert àti Couillard dúró ti oko wọn. Nínú àwọn tó bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ni ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan wà, tí àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ pé Madagascar ni wọ́n ti mú un wá. Wọ́n tà á fún Faransé kan tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹni yìí ń lọ ní 1632, tí Quebec padà sọ́wọ́ Faransé, ó fi ọmọ náà fún Guillaume Couillard. Paul Le Jeune, àlùfáà Jésúíìtì, kọ́ ọ ní ìwé àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ní 1633 wọ́n rì í bọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Olivier. Lẹ́yìn náà ni orúkọ Le Jeune di tirẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ tó dá orúkọ tí ìyá rẹ̀ pè é sí. Àlùfáà yìí kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé ìrìbọmi yóò sọ ọ́ dà bí àwọn yòókù, ẹ̀rù bà á pé àfi kí wọ́n bó awọ ara òun kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀.

Ní 1638, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ba ará ìlú kan lórúkọ jẹ́. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é fún odindi ọjọ́ kan. Àmì àgbélébùú ló fi dípò orúkọ rẹ̀ sí ìwé ẹjọ́ náà. Nígbà tó kú ní 1654, ìránṣẹ́ Couillard ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ọba Faransé fi Couillard joyè ọlọ́lá. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Olivier kò sì dá wà. Ní 1960, Marcel Trudel tó jẹ́ òpìtàn tẹ ìwé kan jáde lórí oko ẹrú ní Kánádà àwọn Faransé. Nígbà tó yá, ó tún to orúkọ àwọn ẹrú àti àwọn tó ni wọ́n jọ. Wọ́n lé ní 4,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ pàápàá kò ṣe é fojú fò. Nígbà tí Jacques Cartier dé ibẹ̀ ní 1535, abúlé Stadacona ló bá. Àwọn ará abúlé náà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Champlain dé, ṣùgbọ́n àwọn Innu àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ń rìn, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń ṣọdẹ lórí ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ aṣojú ọba tó wà lókè òkun ló fún Hébert ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ ní 1623.

Ohun tí Oríkì Kọ́ni

Àwọn kan lè sọ pé kò tọ́ láti fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ará àtijọ́. Wọ́n lè ní Hébert ti kú kí Olivier tó dé, àti pé aláàánú ni Couillard, nítorí òun ni Champlain fi àwọn ọmọbìnrin Innu méjì sílẹ̀ fún ní 1629. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ó sì yẹ kó wà nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdájọ́ ni à ń wí, bí kò ṣe ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe rẹ́ Hébert jẹ ní Honfleur jẹ́ òtítọ́. Bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe di ẹrú nílé àna rẹ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Oríkì mọ ọ̀nà yìí. Akéwì tó ń ki ìdílé kì í ka iyì nìkan. A máa ka ogun, gbèsè, ìjà ilé, ahun àti àléébù ara mọ́ ọn, ọmọ onílé yóò sì máa mi orí. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí èébú, nítorí gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀ di ẹni tí baba jẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìtàn ìdílé tiwọn náà. Ẹrú àti ìwọ̀fà wà nílé ọ̀pọ̀ baba-ńlá Yorùbá láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ wọn di ọmọ ilé, àwọn àgbà sì ka sísọ ọ̀rọ̀ náà sí èèwọ̀ kí ilé má baà tú. Ọgbọ́n wà nínú èyí, kò sì yẹ kí olùwádìí fi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a bo ẹnì kan láṣírí àti kí a kọ ìtàn bí ẹni pé kò fìgbà kan wà.

Ní 1918 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Louis Hébert ní ìlú Quebec. Marie Rollet àti àwọn ọmọ wà níbẹ̀, Couillard pẹ̀lú ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Olivier kò sí níbẹ̀. Ọmọ Hébert tó bá fẹ́ mọ ilé baba rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kó wo ère náà tán, kó sì lọ wo àmì àgbélébùú tó wà lórí ìwé ọdún 1638.