Ẹni Tí Ó Mọ Mọ́tò Wà Kò Tíì Mọ Fọ́kílífíìtì Wà

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibà àti ọ̀rọ̀ omi mímu ni ẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ibà sílẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Bẹẹrẹ níhìn-ín tí ó ń da oorun mi láàmú, ó sì kan gbogbo ilé tí ọmọkùnrin ti ń jáde lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí.

Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba ni ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà dìsípẹ́ńsárì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti tutù."

"Ìyá, ẹsẹ̀ ti ẹ̀ẹ̀tirí? Láti ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí."

Nígbà tí a dé ilé, mo bá ọmọkùnrin náà lórí ẹní, ọmọ ọdún 24, tí wọ́n ti fi ọparun pẹlẹbẹ àti aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì pinpin láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà tutù bí omi àmù, wọ́n sì ti ń dúdú. Mo tẹ èékánná rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò padà síbẹ̀. N kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Mo tú ìdè náà, a gbé e sínú Micra, a forí lé UCH. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ti pọ̀ jù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ìtàn bí ó ti ṣẹlẹ̀ kò gùn. Lódà ni ọmọ náà ní ilé ìkẹ́rùsí kan nínú ìlú yìí. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí í máa wa fọ́kílífíìtì wọn kò wá síbi iṣẹ́, ẹrù sì ti dé. Ọ̀gá wọn béèrè pé, "Ta ni ó mọ mọ́tò wà nínú yín?" Ọmọ yìí ti fi ọdún méjì wa Micra láti Bẹẹrẹ sí Mọ́kọ́lá kí ó tó lọ síbẹ̀. Ó nawọ́ sókè. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ fọ́kílífíìtì, òun ni ọkọ̀ kékeré tí ó ní irin gígùn méjì níwájú bí àmúga, tí a fi ń gbé ẹrù tí ogún ọkùnrin kò lè gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí alábàárù àti ọmọlanke ni ẹrù ń bá wọ sítóò. Ẹ̀rọ yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọrùn àti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìrora, n kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò. Fọ́kílífíìtì tí ó lè gbé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, èyíinì ni 50 àpò sìmẹ́ńtì, òun fúnra rẹ̀ a máa wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Kí ẹ ka Micra mẹ́rin. Irin ńlá ni wọ́n dì sí ìdí rẹ̀ kí ó lè bá ẹrù iwájú dọ́gba, bí òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì, taya iwájú sì ni òpó àárín òṣùwọ̀n náà. Bí ẹrù bá wúwo jù, tàbí bí ó bá gùn tí ó jìnnà sí ara ẹ̀rọ, ìdí á gbé sókè. Ẹ gbé odó mọ́ àyà kí ẹ sì rìn. Ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì gbé odó kan náà síwájú, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹ̀rọ náà.

Èkejì, taya ẹ̀yìn ni ó ń yí, kì í ṣe ti iwájú. Bí awakọ̀ bá yí i sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ á fì sósì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi tí a ń tu láti ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó ti wa mọ́tò fún ọdún mẹ́wàá ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tàn jẹ jù. Ẹni tí ó bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìdí náà yóò gbá mọ́ ògiri. (Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé oúnjẹ wọ inú sítóò lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró sí ẹnu géètì. Bí ẹrù bá ga níwájú awakọ̀, kò lè rí yín, kódà bí ẹ bá wọ aṣọ pupa.)

Ọmọ wa yìí kò mọ ìkankan nínú èyí. Ó gbé ẹrù náà ga ju orí rẹ̀ lọ kí ó baà lè rí ọ̀nà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ẹrù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó sún mọ́ ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ̀rọ tí ó gbé ẹrù ga rìn dà bí ẹni tí ó gun agéré. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà sítóò, ó sì yí i níbẹ̀. A kì í yí fọ́kílífíìtì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí ó ń dojú dé, ọmọ náà fò jáde.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ni yóò fò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń yára ṣubú ju ènìyàn lọ, irin òrùlé rẹ̀ ni ó sì máa ń bá ẹni tí ó fò. Ẹni tí wọ́n kọ́ yóò ti de bẹ́líìtì, yóò di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin, yóò sì fi ara sí òdìkejì ibi tí ó ń wó sí. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Àgbà wo ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọsàn ni a kọ́kọ́ gún ní abẹ́rẹ́. Ó sú wa, a ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọsàn, alákòóso wa dúró tì wá nígbà tí a gún ènìyàn, ó sì fọwọ́ sí ìwé kí ó tó gbà kí a dá a gún. Ọdún 23 nìyí tí mo ti ń gún ènìyàn, n kò sì tíì rí ẹni tí yóò sọ pé, "Ìwọ ránṣọ dáadáa, wá gba abẹ́rẹ́ kí o gún aláìsàn yìí." Èé ṣe tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí yóò gun ẹ̀rọ oní-tọ́ọ̀nù mẹ́rin?

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní ilẹ̀ wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sí ìdí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe, àfi bí a bá ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un, tí ó sì ti gba ẹ̀kọ́ tí ó tó, tàbí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú bá ń mójú tó o. Ní Amẹ́ríkà, láti 1999 ni òfin ti pàṣẹ ẹ̀kọ́ ẹnu, ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ìdánwò fún awakọ̀ fọ́kílífíìtì, kí wọ́n sì tún yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Bẹyẹrúnká gan-an, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Manchester. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ márùn-ún gbáko ni òun fi kọ́ ọ kí wọ́n tó fún òun ní kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú gbogbo bí òun ti mọ mọ́tò wà tó. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ẹsẹ̀ kan náà ni.

Àwọn ọ̀gá kan á ní owó ẹ̀kọ́ pọ̀. Wọ́n á ní bí àwọn bá kọ́ ọmọ tán, yóò sá lọ sí ibòmíràn. Ó lè sá lọ lóòótọ́. Èyí tí wọn kò kọ́ kò lè sá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí iṣẹ́ tèmi. Kò yẹ kí ọmọ náà pàdánù ẹsẹ̀ yẹn. Dípò ilé ìwòsàn, ilé ni awakọ̀ iléeṣẹ́ gbé e wá, pẹ̀lú owó díẹ̀ nínú àpòòwé, ilé sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to eegun. N kò bá àwọn tí ń to eegun jà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí irin tẹ̀ máa ń wú láti inú, bí a bá sì dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá. Bí ìka bá tutù, tí ó ń kú tìpìrì, tí ó yí àwọ̀ padà, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má ṣe fi òrí wọ́ ọ, ẹ má ṣe fà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dun òun, ẹ má ká a bí aṣọ sínú Micra. Pákó ni kí ẹ fi gbé e ní ìdùbúlẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Ní 1941, nígbà ogun Hitler, Bywaters àti Beall kọ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé lù. Ẹsẹ̀ tàbí apá wọn ni ó há, a yọ wọ́n láàyè, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì kú. Ẹran ara tí ó fọ́ ni ó ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí irin há mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, bí ó tilẹ̀ dìde tí ó ń rìn. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi àgbo, ẹ má dúró di àárọ̀.

Ní ti àpòòwé, ìyá náà rò pé àánú ni. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé ẹ̀tọ́ ni, àní bí àṣìṣe bá ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wá. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹni tí ó farapa tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún iléeṣẹ́, kí iléeṣẹ́ sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan ni a ní láti fi béèrè ẹ̀san náà. Ọjọ́ kejìlá ni èmi àti ìyá náà jókòó lórí bẹ́ńṣì dìsípẹ́ńsárì, tí mo bá a kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó tún padà wá. Iléeṣẹ́ náà ti ránṣẹ́ sí àbúrò ọmọ yìí, ọmọ ọdún 19, pé kí ó wá gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà mọ mọ́tò wà. "Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n ṣe? Èlùbọ́ kò tó bọ́ wa." N kò lè sọ pé kí ó má lọ, èmi kọ́ ni mo ń bọ́ wọn. Mo pe ọmọ náà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn káàdì kan fún un pé kí ó béèrè: ta ni yóò kọ́ mi, ọjọ́ mélòó? Ta ni yóò dúró tì mí? Ta ni yóò dán mi wò tí yóò fọwọ́ sí i? Ẹrù mélòó ni ẹ̀rọ yìí lè gbé, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí lára rẹ̀? Bí awakọ̀ kò bá wá, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà?

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mà, bí wọ́n bá bínú ńkọ́?" Mo ní kí ó sọ pé nọ́ọ̀sì Bẹẹrẹ ni ó ní kí òun béèrè, kí wọ́n wá bá mi. Ó ti káàdì náà sí àpò. Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni wọ́n ní kí ó wá.