Bí Ẹ Bá Ń Sọ Ìtàn Òtútù, Ẹ Sọ Ọ́ Tán

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin ni eré kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílé àti àwọn tó wà lókè òkun. Ará Ìbàdàn yóò ní ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bẹ́, òun sì ti wọ súwẹ́tà. Ará Chicago yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí wọ́n má pe ìyẹn ní òtútù. Kí ó tó sọ tirẹ̀ tán ni ará Winnipeg yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, pé níbi tí òun ń gbé, iná mànàmáná ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ lóru kí ẹ́ńjìnnì má baà dì. Báyìí ni kálukú yóò máa gbé òtútù tirẹ̀ ga bí ẹni ń ki oríkì ilé baba rẹ̀.

N kò lòdì sí eré náà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa so ẹbí tó jìnnà síra pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje yìí ń bo ọ̀rọ̀ pàtàkì kan mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí a hú u jáde, pàápàá ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń di ẹrù lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé a kì í fi nọ́ńbà nìkan mọ agbára òtútù. Ilé tí ènìyàn ń gbé, aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ àti owó tó wà lápò rẹ̀ ló ń sọ ohun tí òtútù yóò fi ojú rẹ̀ rí. Lóòótọ́, òru oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Winnipeg a máa tó −20 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ọyẹ́ ní Ìbàdàn kì í sábà tutù ju 15 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé ti Winnipeg kí ooru má baà jáde. Àwa kọ́ tiwa kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ọyẹ́ kì í sì í ṣe òtútù lásán. Ẹ̀fúùfù gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, tó ń gbé eruku bá alárùn ikọ́ fée, tó sì ń mú kí iná kékeré di iná ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Texas ní oṣù Èrèlé ọdún 2021. Ilẹ̀ olóoru ni, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní Houston. Ní Dallas, òtútù já wálẹ̀ dé −19. Ará Winnipeg lè ní kí ni ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kú ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, páìpù omi bẹ́ káàkiri, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Òtútù fúnra rẹ̀ ló pa èyí tó ju ìdajì wọn lọ, àwọn mìíràn sì kú sínú ilé ara wọn. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń sá fún òtútù ni ikú ti bá wọn. Wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ọkọ̀ nínú ilé, gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, sì pa wọ́n.

Ikú yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa ìdílé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilẹ̀ kò mọ́ bá? Bí ọyẹ́ bá mú, àwọn kan ń gbé àdògán eléèédú wọ yàrá, wọ́n a sì ti fèrèsé pa. Gáàsì kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lókè òkun, bí ẹ bá ń sọ ìtàn yín, ẹ sọ ọ́ tán. Ẹ sọ owó iná tó ń mú kí ènìyàn pa ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ó sì máa gbọ̀n nínú yàrá rẹ̀. Ẹ sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá mú kí òtútù dàbí −40, awọ ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé bàtà tí kì í yọ̀ lórí yìnyín ṣàǹfààní ju bàtà tó dára nínú fọ́tò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ẹ má tijú súwẹ́tà yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èédú síta, kí ẹ sì fi aṣọ bo àwọn àgbàlagbà.

Àwọn baba wa ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò tán, tí ó wá ń fi jíjìn kòtò náà yangàn, ọgbọ́n wo ni ará ẹ̀yìn yóò rí kọ́?