Ta ló jẹ èrè ẹ̀sùn àjẹ́?

Ní ọdún 2014, ìròyìn kan gba gbogbo ìlú Èkó kan: wọ́n ní ẹyẹ dúdú kan já lulẹ̀ ní Òṣòdì, ó sì di ìyá àgbàlagbà. Èrò rọ́ wá wò ó, àwòrán obìnrin náà sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Lẹ́nu ogunlọ́gọ̀ èrò, ẹjọ́ ti parí: àjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni obìnrin yìí, níbo ló ti wá, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìdájọ́; ìdájọ́ ló ṣáájú wọn.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó, orúkọ Òṣòdì pàápàá kò sì jìnnà sí ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn. Òṣòdì Tápà, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Kí Kòsọ́kọ́ tó jọba, nígbà ayé Ọba Olúwọlé tó wà lórí ìtẹ́ láti 1837 sí 1841, Elétù Òdìbò fi ẹ̀sùn kan Opo Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, pé àjẹ́ ni. Àwọn aláwo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní ọwọ́ obìnrin náà mọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ọba lé e kúrò ní Èkó.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ìjà ti wà nílẹ̀ láàárín Elétù àti Kòsọ́kọ́ tipẹ́. Kòsọ́kọ́ gba obìnrin tí Elétù ń fẹ́ sọ́nà; Elétù, tó wà lára àwọn afọbajẹ, sì dí ọ̀nà ìtẹ́ mọ́ ọn. Kòsọ́kọ́ ni wọ́n ń bá jà, orí arábìnrin rẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ àgbọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ dìde ogun, èyí tí ìtàn ń pè ní Ogun Ewé Kókò. Ó pàdánù, ó sì sá kúrò nílùú. Elétù hú òkú ìyá rẹ̀, ó jù ú sínú ọ̀sà. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ ní 1845, wọ́n fi Elétù sínú agbá epo, wọ́n sì dáná sun ún. Ẹ̀sùn kan tí àwọn aláwo ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ló bí gbogbo èyí.

Ìjọba amúnisìn dé, ó sì ṣe òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1916 ni ìpìlẹ̀ èyí tó wà nílẹ̀ di òní. Abala 210 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Síbẹ̀, láàárín 1950 sí 1951, àwọn Àtíńgà gba Dàhọ̀mì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, àwọn ìlú sì ń pè wọ́n wá ṣàwárí àjẹ́. Àwọn obìnrin àgbàlagbà ni wọ́n ń nàka sí jù lọ. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ a sanwó, a sì gba ìwẹ̀nùmọ́. Ẹni tó bá ní òun kọ́ a mú adìẹ wá fún ìdánwò. Nígbà tí ìjọba fi òfin dè wọ́n ní 1951, orúkọ ọ̀pọ̀ ìyá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé Ìsọlọ̀, Òṣòdì àti Máfolúkù lónìí ló ti irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ wá. Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a kì í fi dárúkọ ìyá àgbà kan nínú ẹbí, wọ́n á ní kó pa ẹnu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń mú kí ìdájọ́ ìgbà yẹn dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí ẹbí wádìí. Kí wọ́n bi àwọn àgbà kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n lọ. Ilé àkójọ ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé ìjọba amúnisìn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé akọ̀wé àti ajẹ́lẹ̀ ló kọ ọ́; ohùn ìyá náà lè má sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí ó béèrè pé: ta ló fẹ̀sùn kàn án? Ṣé ìjà ilẹ̀ ni, ṣé ti ogún ni, àbí ti orogún? Lẹ́yìn tí wọ́n lé e lọ, ta ló gba oko rẹ̀?

Àwọn mìíràn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Salem, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹgi fún ènìyàn 19 ní 1692 lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ìjọba ibẹ̀ dá orúkọ ọ̀pọ̀ padà ní 1711. Elizabeth Johnson, tí wọ́n dá lẹ́bi ní 1693 ṣùgbọ́n tí wọn kò pa, kò rí ìdáláre àfi ní 2022, nígbà tí olùkọ́ kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin.

Àwọn kan yóò ní àjẹ́ wà, pé kí a má fi ìwé bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbà pé àjẹ́ wà gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú pé ènìyàn lè parọ́ mọ́ ẹnìkejì. Àwọn aláwo tó dá Opo Olú láre gba méjèèjì. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó yẹ kí ẹnìkan dìde láwùjọ béèrè ta ló gbọ́ igbe náà, àti ohun tí òun àti ìyá ọlọ́jọ́ náà ti jọ ń jà sí tẹ́lẹ̀.