Ọ̀ṣun di "un": kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nílé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Nígbà tí mo sọ fún àǹtí mi ní Ìkòròdú pé mo fẹ́ fi ìsinmi gígùn tó kọjá kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe sọ́fútíwíà ní Yábàá, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka Yorùbá? Ṣé Yorùbá lo fẹ́ lọ máa kọ́ kọ̀ǹpútà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo máa lọ ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń ka iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń lọ fún IT. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà lábẹ́ ITF. Wọ́n á gba ìwé, wọ́n á máa kọ ohun tí wọ́n ṣe lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, olùkọ́ wọn á wá bẹ̀ wọ́n wò. Àwa tí à ń ka Yorùbá ńkọ́? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́ kankan. Èmi fúnra mi ni mo wá tèmi. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, ni mo fi kọ́ Python lórí fóònù, nígbà tí ilé sú mi. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ náà ni mo fi kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan ló dáhùn.

Sọ́fútíwíà tí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn ni wọ́n ń ṣe. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń jáde nílé kí n lè kọjá Mile 12 kí ọ̀nà tó dí. Wọn kò san owó oṣù fún mi. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fún mi, kò sì tó ọkọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ pé "ìrírí lo ń gbà" bí ẹni pé ìrírí ṣeé fi ra gáàrì. Bí kì í bá ṣe pé mo ní àǹtí ní Ìkòròdú tí mo lè sùn sí ilé wọn, tí mo lè jẹun wọn, mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ méjì. Ọmọ Ṣakí tí kò ní ẹbí kankan ní Èkó ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní ìròyìn. Mo ń tẹ bọ́tìnnì kiri láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń pe ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní orúkọ wọn gẹ́ẹ́, àní àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn. Ẹnu mi kò gbà á. "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè wọ́n títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin ni ẹjọ́ kan dé láti ilé ìwòsàn tó ń lo ètò náà. Ìyá kan ní fáìlì méjì. Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gba orúkọ wọn sílẹ̀ fi àmì ohùn sí i dáadáa: Adéọlá. Nígbà tí ìyá náà padà wá, nọ́ọ̀sì mìíràn wá "Adeola" nínú ètò náà. Kò rí nǹkan kan, ló bá ṣí fáìlì tuntun fún wọn. Inú fáìlì àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé oògùn kan kò bá wọn lára mu. Èkejì tó ṣófo ni dókítà ń wò. Ọlọ́run ló yọ wọ́n: ìyá náà rántí orúkọ oògùn ọ̀hún fúnra wọn, wọ́n sì sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wo yàrá yíká, wọ́n ní, "Ta ló ń ka Yorùbá níbí?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà "é" ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, torí àwọn èdè Yúróòpù ń lò ó. "Ẹ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" tiwa, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní lókè, kò ní nọ́ńbà tó dá dúró: a ó kọ ẹ, àmì òkè á wá tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè kọ e lásán, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó fi ti òkè. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí "é", kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá sọ fún un pé kó sọ wọ́n di ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn mo ní kí kọ̀ǹpútà mi ka iye lẹ́tà tó wà nínú "Ọ̀ṣun". Mẹ́rin ni lójú wa. Ó ní márùn-ún. Mo kọ ọ́ lọ́nà kejì, ó ní méje.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ní kí ètò náà kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí apá kan láìsí àmì, kó máa fi ìyẹn wá èèyàn. Mo kọ ọ́ ní ìlà kan péré, mo dán an wò lórí àwọn orúkọ tí a fi ń dánwò, inú mi ń dùn. Adéọlá di "Adl". Ọ̀ṣun di "un". Àṣẹ tí mo lò kò yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà. Ó ju lẹ́tà tó bá lámì nù pátápátá. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Ta ń jẹ́ Adl?" Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kọ́kọ́ tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí lẹ́tà dá dúró kí àmì náà dá dúró, kí n tó yọ àmì. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìyẹn rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn ni pé ọ̀kan nínú àwọn akẹgbẹ́ wa ní kí a tilẹ̀ máa pa àmì rẹ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti tẹ orúkọ wọlé. Ó ní, "Ta ló ń lo àmì? Kò sí lórí páàsípọ́ọ̀tù mi." Òótọ́ ló sọ, kò sí lórí tèmi náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi tipátipá mú nọ́ọ̀sì kọ àmì. Èyí tí ẹnì kan bá ti jókòó kọ ni kí a má pa rẹ́. Orúkọ tó wà nínú fáìlì ni wọ́n máa fi pe aláìsàn ní yàrá ìdúró. Bí ẹ bá kọ "Ojo", ṣé Òjó tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni, àbí òjò tó ń rọ̀, àbí ọjọ́? Ẹ̀gbọ́n dá sí i, wọ́n gba tèmi: orúkọ á wà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, èyí tí kò lámì á wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wíwá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Yorùbá nìkan ló gbà mí. Bí mi ò bá mọ Python díẹ̀, mo kàn máa jókòó níbẹ̀ máa ṣàròyé ni, bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Ẹ̀ka wa kọ́ mi ní àmì ohùn láti ọdún kìíní, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé àmì náà ní nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó kọ ètò yẹn gbọ́n jù mí lọ nílé kóòdù, ọmọ Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò kàn ronú kàn án ni. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó dá YorubaName.com sílẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló kà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Àwa ni wọn kò rán gba ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa fi oṣù mẹ́ta IT sí ọdún kẹta, kódà kó má jẹ́ dandan. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, ó kéré tán.

Iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí mi ò parí. Nínú àtòjọ àwọn aláìsàn, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ, Ọ tàbí Ṣ máa ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Zainab, torí pé nọ́ńbà lẹ́tà wọn tóbi ju ti Z lọ. Mo fi ètò lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wa han Ẹ̀gbọ́n, pé Ẹ máa ń tẹ̀ lé E, Ọ máa ń tẹ̀ lé O. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un títí di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ bá mi nílé ìwé. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ojú ewé méjì pẹ̀lú àpẹẹrẹ, bóyá ẹni tó bá tún lọ síbẹ̀ láàárín wa á bá a lórí tábìlì.